Kó Ṣiṣẹ́ Kó Tó Dán: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Àtúnṣe Katakata Tí Ìdílé Jogún

Alága ìjókòó, ẹ̀yin àgbààgbà, ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ̀yin mẹkáníìkì, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi ìsinmi yín sílẹ̀ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ irin, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìfarabalẹ̀. Wọ́n ní kí n má pẹ́. N ó gbìyànjú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ katakata àtijọ́ kì í tètè rí ibi dúró sí.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Ta ni nínú wa tí kò mọ ìdílé kan tí katakata àtijọ́ wà lẹ́yìnkùlé wọn? Koríko ti bò ó dé ìdí sítíárìn. Táyà ti rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀. Bàbá àgbà ló rà á, bàbá ló lò ó, àwọn ọmọ ń wò ó. Lọ́dọọdún ni ẹnì kan máa ń sọ pé, "A ó tún nǹkan yìí ṣe lọ́jọ́ kan." Ọjọ́ kan yẹn, ìgbà wo ló máa dé?

Ohun tí mo wá sọ kò pọ̀. Mo wá sọ pé katakata tí a bá tún ṣe ní láti padà sẹ́nu iṣẹ́, àti pé ọ̀dà ló gbẹ̀yìn gbogbo ohun tí a ó ṣe sí i. Ẹ ó ní, ta ni kò mọ ìyẹn? Ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀ ọ́n! Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń rà ni ọ̀dà. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á kùn ún, wọ́n á ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Omi ṣì wà nínú jíà, písítìn ṣì lẹ̀ mọ́ inú ẹ́ńjìnnì. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ọ̀dà ni làpálàpá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wá ẹ̀tẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́: ta ló ni ín, kí la sì fẹ́ kó ṣe?

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé sípánà, kí ìdílé kọ́kọ́ jókòó. Mo mọ ìdílé kan, n ò ní dárúkọ wọn, ọmọ mẹ́ta ni bàbá wọn fi sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ kí wọ́n ta katakata náà fún àwọn tó ń ra àlòkù irin. Èyí tó tẹ̀lé e fẹ́ kí wọ́n kùn ún, kí wọ́n gbé e síwájú ilé kí àlejò máa wò ó. Àbúrò wọn obìnrin, tó jẹ́ òun nìkan ló ṣì ń dáko nínú wọn, fẹ́ fi túlẹ̀. Kò bá wọn jiyàn, ó kàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni. Ó ná owó ara rẹ̀ sórí ẹ́ńjìnnì, ó ra táyà, ó tún bíréèkì ṣe. Ọjọ́ tí katakata dún ni ẹ̀gbọ́n rántí pé ogún ni, pé ìpín òun wà nínú rẹ̀. Ẹ mọ bí irú ìyẹn ṣe máa ń rí. Kò sí ẹni burúkú nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọn ò sọ ọ́ ṣáájú ni. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà.

Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ta ló ń náwó? Ta ló ń lò ó? Bí ẹnì kan bá fẹ́ tà á lẹ́yìn ọ̀la, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Ìwé ojú kan ti tó.

Ẹ wá bi ara yín pé kí lẹ fẹ́ kó ṣe. Bó bá jẹ́ pé ibi àfihàn lẹ fẹ́ gbé e lọ, gbogbo bóòtù tó wà lára rẹ̀ ní láti bá ọdún tí wọ́n ṣe é mu, owó ńlá nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé kó túlẹ̀, kó fa ẹrù, inú kílọ́ọ̀ṣì àti bíréèkì ni owó yín máa bá lọ. Bí owó kò bá sì tíì sí, ẹ gbé e wọ abẹ́ òrùlé, ẹ da ọ́ìlì sí i, ẹ dé ẹnu gbogbo ihò tó wà lára rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ìtìjú. Ó sàn ju kí ẹ tú u palẹ̀ kí ẹ tó yẹ àpò wò. Katakata tó kú sóko ò pọ̀ tó èyí tó kú sínú páálí: wọ́n tú u tán, ẹni tó tú u kò rántí ibi tí bóòtù kọ̀ọ̀kan ti wá mọ́.

Ọ̀rọ̀ kejì: ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ

Ẹ mọ ohun tí ẹ ní. Ẹ wá nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, èyí tí wọ́n tẹ̀ sára irin pẹlẹbẹ kan níwájú ibi tí awakọ̀ ń jókòó, tàbí tí wọ́n lù sára ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rọra nù ún. Ẹ má fi ẹ̀rọ ìyọ̀dà gbá a lọ. Nọ́ńbà yẹn ni yóò sọ ọdún rẹ̀ fún yín, òun ni ẹni tó ń ta ohun èlò yóò sì kọ́kọ́ béèrè.

Ẹ ní kí ló dé tí mo fi ń ṣe báyìí lórí nọ́ńbà? Ẹ mú Massey Ferguson 35 wò. Àwọn tó kọ́kọ́ jáde tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì, ẹ́ńjìnnì Standard ló wà nínú wọn, sìlíńdà 4, ó sì lókìkí burúkú pé kì í fẹ́ gbéra nínú òtútù. Ní 1959 Massey-Ferguson ra ilé iṣẹ́ Perkins, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ́ńjìnnì Perkins oní-sìlíńdà 3 sínú katakata kan náà. Orúkọ kan, ẹ́ńjìnnì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá ní "ẹ fún mi ní gásíkẹ́ẹ̀tì ti 35" kò tíì sọ ohunkóhun fún ọlọ́jà.

Tàbí ẹ wo Ford 8N, èyí tí wọ́n ṣe láti 1947 títí di 1952. Bátìrì 6 volt ló ń lò, orí bátìrì tó ní àmì + ni wọ́n sì so mọ́ ara irin katakata, kì í ṣe èyí tó ní àmì −. Ẹni tó gbọ́n nínú mọ́tò òde òní á dé, á so ó bó ṣe mọ̀ ọ́n, á sì ba ohun tó ń fún bátìrì níná jẹ́. Kì í ṣe òmùgọ̀. Kò wo ilé kó tó sọ ọmọ lórúkọ ni.

Ẹ jẹ́ kí n yà sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, nítorí ìtàn yìí dùn mọ́ mi, ó sì kan ẹ̀yìn katakata tí ọ̀pọ̀ yín ní nílé. Ọmọ Ireland kan wà tó ń jẹ́ Harry Ferguson. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó fi bàálù fò ní Ireland, lọ́jọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1909. Ẹ ò rí i pé orí rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n ní kó lọ wo bí katakata ṣe ń ṣiṣẹ́ lóko, ó sì rí ohun kan tí kò dùn mọ́ ọn. Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fi ń fa ohun ìtúlẹ̀ lẹ́yìn katakata nígbà náà. Bí ohun ìtúlẹ̀ bá kọ́ gbòǹgbò tàbí òkúta, táyà ẹ̀yìn kò dúró, iwájú katakata á gbéra nílẹ̀, á sì dojú dé lórí awakọ̀. Katakata Fordson tó jáde ní 1917 lókìkí fún ìwà yìí.

Kí ni Ferguson ṣe? Ó so ohun ìtúlẹ̀ mọ́ katakata ní ojú mẹ́ta, ọ̀pá méjì nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, ó sì fi hydraulic, ẹ̀rọ tó ń fi agbára ọ́ìlì gbé nǹkan sókè, sábẹ́ àkóso ọ̀pá òkè yẹn. Bí ilẹ̀ bá le, ohun ìtúlẹ̀ á ti ọ̀pá òkè síwájú, hydraulic á gbọ́, á gbé ohun ìtúlẹ̀ sókè díẹ̀, ìwúwo á bọ́ sórí táyà ẹ̀yìn, táyà á di ilẹ̀ mú. Katakata kékeré wá ń ṣe iṣẹ́ tí àwọn ńlá ń ṣe. Ní 1938 òun àti Henry Ford tó ni ilé iṣẹ́ Ford bọ ara wọn lọ́wọ́ lórí rẹ̀ láìsí ìwé kankan. Ní 1939 Ford 9N jáde. Ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa ìwé ojú kan. Henry Ford dàgbà, ọmọ ọmọ rẹ̀ gba ilé iṣẹ́, kò gba ìbọ̀wọ́ yẹn wọlé, Ferguson pè wọ́n lẹ́jọ́, ó béèrè fún mílíọ̀nù 251 dọ́là. Ní 1952 wọ́n parí rẹ̀ sí mílíọ̀nù 9 àti ẹgbẹ̀rún 250.

Ferguson kúkú ti ní tirẹ̀ nígbà náà, TE20 aláwọ̀ eérú, tí wọ́n ń ṣe ní Coventry láti 1946 sí 1956. Iye tí wọ́n ṣe lé ní 500,000. Mẹ́ta nínú wọn ni Edmund Hillary, arìnrìn-àjò ọmọ New Zealand, àti àwọn èèyàn rẹ̀ wà lọ sí òpin ayé níhà gúúsù (South Pole), wọ́n sì dé ibẹ̀ lọ́jọ́ 4 oṣù Kìíní ọdún 1958. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n irin yí ẹsẹ̀ wọn ká nítorí yìnyín, ṣùgbọ́n katakata oko náà ni. Bí ẹnì kan bá ń sọ fún yín pé èyí tó wà lẹ́yìnkùlé yín ti gbó jù, ẹ sọ ìyẹn fún un.

Ìdí tí mo fi sọ gbogbo èyí rèé: bí katakata yín bá jẹ́ irú èyí, hydraulic kì í ṣe àfikún tí a ó máa wò tó bá yá. Òun ni iṣẹ́ katakata náà. Ọ́ìlì inú jíà ni hydraulic wọn ń lò pẹ̀lú, òjò sì máa ń gba ìdí ọ̀pá jíà wọlé nígbà tí rọ́bà ibẹ̀ bá ti ya. Ẹ tú ọ́ìlì náà dànù kí ẹ tó gbé ohunkóhun fún un.

Ọ̀rọ̀ kẹta, ibẹ̀ ni n ó pẹ́ sí: ẹ́ńjìnnì tó ti gan

Kí ló ń mú ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e síbẹ̀ gan láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án? Omi ni. Páìpù èéfín ọ̀pọ̀ katakata àtijọ́ dúró ṣánṣán, ó lanu sí ọ̀run. Òjò á wọ ibẹ̀, omi á gba ojú fáàfù tó bá ṣí bọ́ sínú sìlíńdà, ríìngì písítìn á dípẹtà mọ́ ògiri. Agolo òfìfo tí bàbá kan dojú rẹ̀ dé páìpù èéfín ti gba ẹ́ńjìnnì là ju ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì lọ.

Ẹ má tíì yí ohunkóhun. Ẹ gbé abọ́ sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ẹ tú bóòtù ìdí ọ́ìlì díẹ̀díẹ̀. Omi wúwo ju ọ́ìlì lọ. Bó bá wà níbẹ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ jáde. Bí ọ́ìlì bá ní àwọ̀ wàrà, omi ti pò mọ́ ọn. Ó lè jẹ́ òjò. Ó lè jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì. Ó sì lè jẹ́ pé ara irin fúnra rẹ̀ ti sán, pàápàá níbi tí òtútù ti máa ń mú omi dì, nítorí omi tó bá dì máa ń wú, kò sì sí irin ẹ́ńjìnnì tó lè dá a dúró. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì yẹ gbogbo ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì wò kí ẹ tó ná owó kankan.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yọ àwọn nọ́sù tó ń fín dísẹ́ẹ̀lì. Bó bá jẹ́ ti bẹntiróòlù, ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì. Ẹ ṣí ìdérí orí ẹ́ńjìnnì, kí ẹ lè rí fáàfù lójúkojú. Ẹ fi òòlù onírọ́bà kan wọn lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé ó ń lọ sílẹ̀? Ṣé ó ń fò padà? Ọ̀pọ̀ èèyàn ń bá písítìn jà, fáàfù ló gan. Bí ẹ bá sì fipá yí ẹ́ńjìnnì tí fáàfù rẹ̀ gan, ọ̀pá tó ń tì í á tẹ̀, ẹ ti fi ìyà kan ra òmíràn nìyẹn.

Ẹ wá da epo tó ń wọ ojú ìpẹtà sí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Oníkálukú ló ní àdàlù tirẹ̀. Àwọn kan ń po ọ́ìlì jíà pọ̀ mọ́ acetone, tí wọn ò sì jẹ́ kí iná sún mọ́ ọn. Àwọn kan ń lo dísẹ́ẹ̀lì lásán. Mo ti rí àwọn àgbàlagbà tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ja ìjà lórí èyí tó dára jù. Èmi ò sí níbẹ̀. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ jù nínú gbogbo àdàlù náà ni àsìkò tí ẹ bá fún un. Ẹ dà á sí i, ẹ lọ ṣe iṣẹ́ mìíràn. Ẹ tún padà dà á sí i. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ yọ sítátà. Ẹ ó rí eyín fáíwíìlì, irin róbótó ńlá tó ń bá ẹ́ńjìnnì yí, láti ojú ihò rẹ̀. Ẹ ti ọ̀pá irin bọ àárín eyín náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú díẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn díẹ̀. Kì í ṣe pé ẹ fẹ́ kó yí po o. Kó kàn mì ni. Bó bá ti mì, ẹ dúró, ẹ tún da epo sí i, ẹ lọ sùn. Síwájú díẹ̀, sẹ́yìn díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, síwájú díẹ̀ sí i, sẹ́yìn díẹ̀ sí i.

Ọkùnrin kan tí mo mọ̀ kò lè dúró. Ó so katakata tó gan mọ́ ẹ̀yìn katakata tuntun, ó ki jíà bọ̀ ọ́, ó ní kí wọ́n fà á. Wọ́n fà á. Táyà ẹ̀yìn kọ́kọ́ ń wọ́ nílẹ̀. Nǹkan kan wá dún nínú ẹ́ńjìnnì, táyà bẹ̀rẹ̀ sí í yí, gbogbo wọn hó yèè! Ohun tó dún yẹn ni ọ̀pá tó so písítìn mọ́ kíránkì, irin tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Ó ti ṣẹ́, ó sì ti dá ihò sí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó pariwo tán. Písítìn tó gan ṣì wà níbi tó wà. Ẹni tó jìn sí kòtò ti kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Bó bá wá gbà, tó ń yí, ẹ má tíì dá nọ́sù padà. Ẹ yí i dáadáa kí gbogbo ohun tí ẹ dà sínú rẹ̀ tú jáde, kí ẹ sì gbé ojú yín kúrò lọ́ọ̀kán ihò. Afẹ́fẹ́ ni písítìn lè fún pọ̀. Ohun olómi kì í fún pọ̀ rárá. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lókè písítìn tó láti tẹ ọ̀pá yẹn kan náà lọ́jọ́ tí sítátà bá kọ́kọ́ gbá a. Bí ìpẹtà bá sì ti jẹ ògiri sìlíńdà jinlẹ̀, ẹ má tan ara yín, ẹ ṣí orí ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ìkarahun sìlíńdà tí a lè yọ, ká fi tuntun sí i.

Ó ku dísẹ́ẹ̀lì. Ẹ sọ táńkì kalẹ̀. Ẹ ó bá ìpẹtà níbẹ̀, ẹ ó bá omi, ẹ ó tún bá nǹkan dúdú kan tó ń yọ̀, tó ń hù níbi tí omi àti dísẹ́ẹ̀lì ti pàdé. Ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, ẹ pààrọ̀ fílítà. Afẹ́fẹ́ tó bá wà lójú ọ̀nà dísẹ́ẹ̀lì kò ní jẹ́ kó gbéra, ẹ sì gbọ́dọ̀ lé e jáde láti ibi tó sún mọ́ táńkì lọ sí ibi tó jìnnà sí i: fílítà kọ́kọ́, pọ́ǹpù tẹ̀lé e, ìdí nọ́sù ló kẹ́yìn. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìdí nọ́sù á máa fa sítátà títí bátìrì á fi kú. Bí nǹkan bá sì ń tú níbi tí dísẹ́ẹ̀lì ti ń gba agbára, ẹ má fi ọwọ́ wá a. Agbára rẹ̀ tó láti la awọ ara kọjá wọ inú ẹran. Ojú egbò á kéré, inú rẹ̀ á máa bàjẹ́ lọ. Ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀.

Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ gbéra, ẹ wá pákó pẹlẹbẹ kan sí tòsí. Kí ni pákó wà fún? Ohun tó ń díwọ̀n dísẹ́ẹ̀lì nínú pọ́ǹpù tó ti pẹ́ nílẹ̀ lè gan síbi tó ti ṣí. Ẹ́ńjìnnì á gbéra, ayọ̀ á sọ, eré rẹ̀ á máa ga sí i, á máa ga sí i, ẹ ó fa ohun ìpaná, kò ní kú. Pákó yẹn lẹ ó fi dé ẹnu ibi tó ti ń mí. Pákó o, ẹ má fi àtẹ́lẹwọ́. Bó bá sì ń dún jẹ́jẹ́, ojú yín kò gbọ́dọ̀ kúrò lára aago tó ń wọn agbára ọ́ìlì. Bí ọwọ́ aago náà kò bá dìde láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ pa á. Ẹ máa ṣe ìdùnnú bó bá yá.

Ọ̀rọ̀ kẹrin: ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí

Katakata àtijọ́ ti pa àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀, n kò ní fi bò fún yín.

Ọ̀pọ̀ wọn kò ní férémù lábẹ́ bíi ti mọ́tò. Ẹ́ńjìnnì, jíà àti àgbá ẹ̀yìn tí wọ́n so pọ̀, àwọn fúnra wọn ni egungun rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì ní láti la katakata sí méjì láàárín. Ibi tí ewu wà ni pé irin tó gbé ẹsẹ̀ iwájú máa ń mì sọ́tùn-ún sósì; bí ẹ kò bá fi igi há a lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì kí ẹ tó là á, ẹ́ńjìnnì á ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹni tó bá sì wà níbẹ̀ á sọ fún yín bó ṣe wúwo tó, bó bá ṣì lè sọ̀rọ̀. Ẹ má sì fi jáàkì nìkan gbé e. Jáàkì ń gbé nǹkan sókè ni; igi àti ìdúró irin ló ń gbé e dúró.

Ẹ wo PTO, ọ̀pá tó ń yí lẹ́yìn rẹ̀ tí a fi ń wa ohun èlò mìíràn. Ìyípo 540 láàárín ìṣẹ́jú kan ni òṣùwọ̀n rẹ̀, ìyẹn 9 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Etí agbádá, okùn bàtà, irun tó gùn, kò sí èyí tí ẹ lè fà padà kó tó yí ìgbà 9. Bí ìdérí rẹ̀ bá ti sọnù, ẹ ra ìdérí kí ẹ tó ra ohunkóhun tó ń dán.

Eruku náà ńkọ́? Asbestos, ohun tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, wà nínú bíréèkì àti kílọ́ọ̀ṣì ayé ìgbà yẹn, òjé wà nínú ọ̀dà wọn. Ẹ má fi afẹ́fẹ́ fẹ́ eruku bíréèkì, ẹ má ha ọ̀dà àtijọ́ ní gbígbẹ. Ẹ fi omi rin ín, ẹ bo imú yín dáadáa.

Ọ̀rọ̀ tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa tó fẹ́ràn nǹkan wọ̀nyí ni irin ìdáàbòbò, òpó irin tó ga sókè lẹ́yìn àga awakọ̀, tí kì í jẹ́ kí katakata tẹ èèyàn pa bó bá dojú dé. Sweden ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di òfin fún katakata tuntun, ní 1959. Ọ̀pọ̀ èyí tó wà lẹ́yìnkùlé yín ti jáde ṣáájú ìgbà náà. Àwọn kan á ní bí a bá fi òpó sí i, kì í ṣe bí bàbá ṣe rà á mọ́. Òtítọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n wá béèrè: ṣé irin ni bàbá fẹ́ kó pẹ́ láyé, àbí ọmọ tó jókòó lórí irin? Bó bá máa wọ oko, bó bá máa gun òkè, tèmi ni pé kí ẹ fi sí i, kí ẹ sì so bẹ́líìtì mọ́ àga. Kì í sì ṣe èyí tí aládùúgbò tó mọ irin jó yóò fi páìpù tó rí nílẹ̀ ṣe o. Èyí tí wọ́n ti dán wò fún irú katakata yẹn gan-an ni kí ẹ rà.

Ọ̀dà, níkẹyìn

Ẹ ti rí i pé mi ò ní pẹ́ níbí. Ẹ wádìí àwọ̀ tó bá ọdún rẹ̀ mu. Katakata Farmall, fún àpẹẹrẹ, kò di pupa títí di 1936, aláwọ̀ eérú ni tẹ́lẹ̀. Ẹ pa ìpẹtà tán kí ẹ tó kùn ún. Níbi tí bàbá ti jó irin lẹ̀ mọ́ irin nígbà kan tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, tí ojú rẹ̀ kò gún, bí ó bá ṣì lágbára, èmi kì í jẹ́ kí wọ́n lọ̀ ọ́ dànù. Ẹlòmíràn á fẹ́ kó jọ tuntun. Oníkálukú ló ń ṣe tirẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fún un níṣẹ́. Iṣẹ́ fúyẹ́ ni kó kọ́kọ́ ṣe. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, nítorí ìdọ̀tí ọdún pípẹ́ ló máa bọ́ sínú rẹ̀. Ẹ wo bóòtù ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ẹ tún wọn há. Ẹ wo rímù pẹ̀lú. Wọ́n máa ń po iyọ̀ calcium chloride mọ́ omi sínú táyà kó lè wúwo, iyọ̀ yẹn sì máa ń jẹ rímù láti inú wá.

Mo rí ọwọ́ kan lókè lẹ́yìn. Ẹ béèrè, mo ń gbọ́.

Wọ́n ní, ṣé kí àwọn ra nọ́sù tuntun, àbí kí àwọn tún ti àtijọ́ ṣe? Ẹ kọ́kọ́ gbé ti àtijọ́ lọ fún ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán nọ́sù wò. Bó bá ń fín dísẹ́ẹ̀lì jáde lẹ́búlẹ́bú, tí kò sì ń kán lẹ́yìn tó bá ti dákẹ́, kò sí ohun tó ṣe é, ẹ dá a padà. Bó bá ń kán, ẹnu rẹ̀ nìkan ló sábà máa ń jẹ. Wọ́n lè pààrọ̀ ẹnu, kí ara rẹ̀ dúró. Ẹni tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá tó béèrè, ẹ bá mi gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún un, mo rò pé kò tíì tán.